Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi: kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí bàálù kejì fi òun sílẹ̀ ní London

Mo ti béèrè bóyá ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àtàbọ̀, Èkó sí New York gba London, lè jẹ́ kí bàálù kejì fò lọ kó lè sùn mọ́jú. Kí n pa ọ̀rọ̀ náà dé: ẹ má dán an wò.

Tẹ́ ò bá ti yọjú, wọ́n á fagi lé gbogbo ìrìn tó kù lórí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, títí kan àbọ̀. Ẹrù ńkọ́? Ẹ wo ìwé tí wọ́n so mọ́ àpótí yín l'Ékòó. Bó bá jẹ́ JFK (pápákọ̀ òfurufú New York) ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà, àpótí ò ní jáde ní Heathrow, pápákọ̀ òfurufú London. Wọ́n á ní láti wá a já sílẹ̀ nínú bàálù nítorí ààbò, kí èrò tó kù máa retí (èpè ọ̀fẹ́ nìyẹn).

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn ní London, ẹ ní kí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì yan bàálù ọjọ́ kejì látìbẹ̀rẹ̀. Kí àárín méjèèjì má pé wákàtí 24. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó orí èrò ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì á gorí owó yín. Ní káńtà, ẹ sọ pé LHR (àmì Heathrow) ni kí wọ́n kọ sára ẹrù.

Ó ku físà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Visitor in Transit lè jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà wọ ìgboro, kò ju wákàtí 48 lọ. Direct Airside Transit, ti ẹni tó kàn ń pààrọ̀ bàálù nínú pápákọ̀, ò lè gbé yín dé òtẹ́ẹ̀lì ìta.