Ṣé èèyàn lè fi géèmù àti orin inú géèmù jẹun?

ọmọ_àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Yunifásítì FUTA ni mo wà, ní Àkúrẹ́ níbí, mo sì ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Ó ti tó ọdún 2 tí mo ti ń fi Godot, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ṣe géèmù lórí láptọ́ọ̀pù mi, orin inú ẹ̀ náà èmi ni mo ń fi LMMS tó jẹ́ ètò orin ṣe é, torí ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Èyí tí mo ń ṣe lọ́wọ́ báyìí, ayò ọlọ́pọ́n ni, ihò 12, ọmọ ayò 48, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìlù ló yàtọ̀ ní tèmi, bí ihò bá ti ń ṣófo lọ́dọ̀ ẹnì kan báyìí gángan á bẹ̀rẹ̀ sí í yára, á máa yára títí àyà ẹni á fi máa lù kì-kì-kì. Lóru ọjọ́ kan tí iná dé ni bàbá mi ká mi mọ́ ìdí ẹ̀, wọ́n ní ṣé torí eré yìí làwọn ṣe ń san owó iléèwé. Mi ò lè dá wọn lóhùn torí èmi gan-an ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni wà tó ń ṣe géèmù tó tún ń ṣe orin ẹ̀ fúnra ẹ̀ tó sì ń rí jẹ níbẹ̀, àbí kí n mú ọ̀kan kí n fi ìkejì sílẹ̀?

bàbá_ìbejì_oǹdó:
Àbúrò, má fi ìkankan sílẹ̀ o. Àwọn tó ń ṣe méjèèjì wà, wọ́n sì rí jẹ dáadáa. Toby Fox tó ṣe géèmù Undertale lọ́dún 2015, òun ló kọ ìtàn ẹ̀, òun ló ṣe orin ẹ̀, orin ló sì kọ́kọ́ ń ṣe fún iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀, àwọn èèyàn orí íntánẹ́ẹ̀tì ló dáwó fún un lọ́dún 2013, ó lé ní dọ́là 51,000. Eric Barone náà tó ṣe Stardew Valley, òun nìkan ló ya àwòrán ẹ̀, ló ṣe orin ẹ̀, ló kọ kóòdù ẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ó gbà á ní bí ọdún 4 àtààbọ̀ kó tó jáde ní 2016. Àmọ́ fi èyí sọ́kàn: nínú ọdún wọ̀nyẹn ó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ilé tíátà ló ti ń júwe ìjókòó fáwọn tó wá wòran.

Ẹni tí mo tiẹ̀ fẹ́ràn jù ni Koji Kondo, orin ni tiẹ̀ ṣá, Nintendo, iléeṣẹ́ géèmù kan ní Japan, gbà á síṣẹ́ lọ́dún 1984. Orin tó kọ́kọ́ ṣe fún géèmù Super Mario Bros. kò bá bí Mario inú ẹ̀ ṣe ń sáré tó ń fò mu, ló bá fi í sílẹ̀, ó tún òmíì ṣe. Onílù tó mọṣẹ́, ẹsẹ̀ oníjó ló ń wò. Ohun tí gángan tìẹ náà ń ṣe nìyẹn.

àdùkẹ́_sáùndì:
Mo ń ṣe sáùndì fún ìpolówó rédíò, mo sì ti ṣe ti géèmù bíi mẹ́ta. Jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ mí níyà. Orin inú géèmù kì í parí, ibi tó bá dé ló ti máa tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, etí ò sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, fáìlì MP3 ni mo fi ránṣẹ́, ọ̀gbẹ́ni tó ni géèmù náà ní orin ń kọsẹ̀, mo ní kò kọsẹ̀, a fà á fún ọjọ́ méjì gbáko kí n tó rí i pé MP3 máa ń fi ìdákẹ́ tín-ín-rín kan kún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí orin, kò tó nǹkan rárá, àmọ́ etí ń gbọ́ ọ. Fáìlì OGG tàbí WAV ni kó o máa lò.

Ohun kan tún wà tó kan àwa tá à ń lo ìlù wa. Àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń ní kí kọ̀ǹpútà yí ohùn nǹkan sókè sódò díẹ̀ nígbàkigbà tó bá dún, kó má baà sú etí. Tí ọmọ ayò bá ń bọ́ sínú ihò, ṣe é, ó máa dùn gan-an. Má ṣe é sí gángan o! Ọ̀rọ̀ ni gángan ń sọ, tó o bá ń yí ohùn ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkọ á di ọkọ̀, àwọn bàbá tó gbọ́ ìlù á mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

oníkóòdù:
Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ owó níbí. Kó o tó lè gbé géèmù sórí Google Play, níbi táwọn èèyàn ti ń gba géèmù sórí fóònù, dọ́là 25, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa san án. Steam tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà, dọ́là 100 lórí géèmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún mú ìdá 30 nínú 100 ohun tó o bá tà. itch.io, ìkànnì míì tí wọ́n ti ń ta géèmù, ò gba kọ́bọ̀ kó o tó gbé e síbẹ̀, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí bàbá ìbejì sọ dáa, àmọ́ mi ò ní gba ọmọ iléèwé níyànjú kó jókòó ti géèmù kan fún ọdún 4. Wo irú ìdíje géèmù ṣíṣe bíi Ludum Dare tó ti wà láti 2002, èyí téèyàn ń dá ṣe níbẹ̀ wákàtí 48 ni, ìwọ lo máa ṣe gbogbo ẹ̀, orin àti àwòrán. Ní tèmi o, orin ló máa kọ́kọ́ mówó wá fún ẹ, torí àwọn tó mọ kóòdù tí wọn ò lè ṣe orin pọ̀ lọ súà.

ọmọ_àkúrẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ ò ní ríbi. Mo ti yí gbogbo orin náà sí OGG, kò kọsẹ̀ mọ́. Àná mo gbé láptọ́ọ̀pù fún bàbá mi, mo ní kí wọ́n bá mi ta ayò inú ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tó yá wọ́n jókòó, wọ́n pa mí lẹ́ẹ̀mejì, ni wọ́n bá ní ìlù yìí ń parọ́. Wọ́n ní ihò tó ṣófo kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó fẹ́ kú, pé ẹni tó kó odù, ìyẹn ọmọ ayò rẹpẹtẹ, jọ sílé kan, ilé ẹ̀ yòókù lè ṣófo, òun gan-an ló sì ń bọ̀ wá pa ẹ. Mi ò ronú kàn án rí. Mo ti ń tún kóòdù yẹn kọ báyìí kó kọ́kọ́ máa wo ihò tó kún jù. Wọ́n ní tí mo bá ti ṣe é tán kí n pe àwọn kí iná tó lọ.