Ìdí lọmọ mi fi jókòó, wọ́n ní àwọn fẹ́ yí i: ta ló ti ṣe é rí?

Aláboyún Leeds: Ẹ kú ilé o. Oyún àkọ́kọ́ mi rèé, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 36. Síkáànì àná fi hàn pé orí ọmọ wà lókè lábẹ́ àyà mi. Wọ́n ní àwọn lè fọwọ́ yí i láti òde lọ́jọ́bọ̀, ECV ni wọ́n ń pè é. Màmá mi ní Ṣàgámù ní kí n fi í sílẹ̀, pé Ìgè ló fẹ́ jẹ́. Ṣé tó bá yí, màá bí i fúnra mi, láìsí iṣẹ́ abẹ?

Ìyá Méjì, Peckham: Àbúrò, mo ṣe é lórí èkejì. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ilé-ọmọ rọ̀, ni àyà mi bá ń lù kìkìkì bí ẹni sáré. Dókítà gbé ìdí ọmọ sókè, ó ń ti orí bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dùn mí, n ò ní parọ́, àmọ́ kò pẹ́. Tó bá ti pọ̀ jù, ní kí wọ́n dúró, wọ́n á dúró. Mo bí i fúnra mi.

Agbẹ̀bí Birmingham: Iṣẹ́ mi nìyí. Nínú alákọ̀ọ́bí 10, ó máa ń yí fún bíi 4. Ẹni tó ti bímọ rí, bíi 6. Tó bá yí, kò tó 5 nínú 100 tó ń padà sípò àtijọ́. Bíi 1 nínú 200 ló ń di iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì láàárín wákàtí 24, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe é níbi tí yàrá iṣẹ́ abẹ wà, tí a sì ń gbọ́ ọkàn ọmọ ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá jẹ́ Rhesus negative (irú ẹ̀jẹ̀ tó lè bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà), bèèrè anti-D, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè rẹ gan-an: ọ̀pọ̀ ló ń bí fúnra wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a yí máa ń parí sí iṣẹ́ abẹ, tàbí kí a fi irinṣẹ́ fà wọ́n, díẹ̀ ju àwọn tí orí wọn ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé yíyí yẹn ló bà á jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi òróró wọ́ ikùn yín nílé láti yí ọmọ o!

Bàbá Ọmọ, Dublin: Tiwa kò yí rárá. A mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ní ọ̀sẹ̀ 39, ìyá àti ọmọ wà pẹ̀lú àlàáfíà. Títí dòní làwọn ẹbí ń jiyàn bóyá ọmọ tí wọ́n gbé jáde láti ikùn lè jẹ́ Ìgè.

Aláboyún Leeds: Ẹ ṣé gan-an ni! Ẹ̀gbọ́n agbẹ̀bí, ṣé kí n jẹun kí n tó lọ?

Agbẹ̀bí Birmingham: Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Pè wọ́n lọ́la, má dúró di àárọ̀ ọjọ́bọ̀. Kí ọkọ rẹ sì tẹ̀ lé ọ.