Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹjọ́ mi sun mánéjà: ṣé kí n fèsì?

Òṣìṣẹ́ Alẹ́: Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́, ẹ bá mi dá sí i. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa láàárọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ò yí màmá yàrá kẹfà padà lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́jú. Irọ́ gbuu! Aago 5:40 ni mo yí wọn kẹ́yìn. Lánàá ló tún fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mánéjà. Èsì tèmi ti tó ojú ìwé méjì, ó ku kí n tẹ̀ ẹ́ lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Àbúrò, má tíì tẹ̀ ẹ́ o. Ímeèlì téèyàn fi ìbínú kọ kì í kú bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbẹ́jọ́, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà, wọn ò ní bi ọ́ pé kí ló bí ọ nínú. Ibo lo kọ yíyí náà sí? Ibo lòun ń wò láàárọ̀?

Òṣìṣẹ́ Alẹ́: Bébà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn ni mo kọ ọ́ sí. Òun... ó jọ pé tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tá a ń kọ àkọsílẹ̀ sí, ló ń wò. Háà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹn-ẹ́n! Bébà àti tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń jà, kì í ṣe ẹ̀yin méjèèjì. Ká ní ó pẹ́ sí i ni, á ti di "obìnrin yẹn kò fẹ́ràn mi", kò sì sẹ́ni tó máa rántí bébà mọ́.

Obìnrin òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Mary Parker Follett, sọ irú ẹ̀ ní 1925. Ní yàrá kékeré kan ní láíbìrì Harvard, ẹnì kan fẹ́ ṣí fèrèsé, Follett fẹ́ kó wà ní títì. Fèrèsé yàrá kejì, níbi tí kò séèyàn, ni wọ́n wá ṣí. Òun kò kórìíra afẹ́fẹ́, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i lára ni kò fẹ́.

Lọ bá a nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjì. Má sọ pé "o máa ń parọ́ mọ́ mi". Sọ pé: "Mo rí ohun tó o kọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo kọ tèmi sí. Ibo lo máa ń wò?" Kó o wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló máa ń le fún wa jù.

Bọ̀dá Yúníọ̀nù: Òótọ́ ni Àǹtí sọ, àmọ́ gbogbo ìjà kọ́ ni ti bébà. Ọdún kan gbáko ni ọ̀gá mi kan fi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú èrò. Mo bá a sọ ọ́ títí, pàbó ló já sí. Irú ìyẹn, ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ ni kó o kọ ọ́: aago, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tó ti ẹnu ẹ̀ jáde gan-an. "Ó fojú tín-ín-rín mi" kò tó.

Bó o bá kọ ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n pè ọ́ sí ìpàdé lé e lórí, òfin iṣẹ́ ti 1999 níbí gbà ọ́ láyè láti mú ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tàbí aṣojú yúníọ̀nù dání. Kò dárúkọ pásítọ̀ o! Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn Acas, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Tètè bi wọ́n ní gbèdéke ọjọ́ tribunal, ìyẹn ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, torí ìwé ẹ̀sùn ibi iṣẹ́ kì í dá aago yẹn dúró. À ń retí èsì HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, ọjọ́ á ti lọ.

Òṣìṣẹ́ Alẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Mo bá a sọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Kò bẹ̀ mí, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnikẹ́ni ò sọ fóun rí pé bébà kan wà níbẹ̀. Ímeèlì tó kọ sí mánéjà wá ńkọ́?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ìlà méjì péré: aago tó o yí wọn, àti pé kí mánéjà lọ wo bébà náà fúnra ẹ̀. Má ya fọ́tò ẹ̀ o, ìwé aláìsàn ni, wàhálà mìíràn nìyẹn.