Ère Màríà tí màmá wa fi sílẹ̀, ṣé ká jó o ni?

Àbíkẹ́yìn_Aké:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kẹ́ ẹ má bínú pé ó gùn. Oṣù mẹ́ta rèé tí màmá wa kú. Àgùdà ni wọ́n dọjọ́ ikú, ṣọ́ọ̀ṣì Àdátán ni wọ́n ń lọ, àwa ọmọ la fọ́n ká, èmi ń lọ Áńgílíkà ní Aké torí ibẹ̀ lọkọ mi wà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ti di pásítọ̀ níbi tiwọn. Sátidé tó kọjá la lọ palẹ̀ yàrá màmá mọ́, a bá ère Màríà lórí tébù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, aṣọ búlúù, ó ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan, imú rẹ̀ ti bó díẹ̀, rósárì wọn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní òrìṣà ni, ká jó o lẹ́yìnkùlé tàbí ká jù ú sódò Ògùn, wọ́n ní Ẹ́kísódù 20 ti parí ọ̀rọ̀, "Ìwọ kò gbọdọ̀ yá ère fún ara rẹ". Ni àǹtí wa tó jẹ́ Àgùdà bá bú sẹ́kún, wọ́n ní ẹni tó bá jó o, àwọn ò ní bá a jókòó mọ́ láyé.

Mo mọ̀ pé Bíbélì kọ ère. Mo sì mọ màmá mi. Láago márùn-ún ìdájí ni wọ́n máa ń kúnlẹ̀ síwájú ère yẹn, wọ́n á máa pe orúkọ wa níkọ̀ọ̀kan, mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n pè é ní Ọlọ́run. Sátidé tó ń bọ̀ la máa pín ẹrù. Kí la máa ṣe?

Ajíhìnrere_ÒkèMosàn:
Sista ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù yín nínú. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n yín ò ṣìṣe. Bàbá tó bí bàbá mi ní ojúbọ Ṣàngó nílé wa ní Ìtòkò, agboolé Adúgbologe ló gbẹ́ ère ibẹ̀, ó rẹwà, àwọn kan wá fowó ńlá lọ̀ ọ́, ọjọ́ tí bàbá mi gba Jésù ni wọ́n dáná sun ún. Tẹ́ ẹ bá bi bàbá àgbà nígbà yẹn, wọ́n á sọ fún yín pé àwọn ò bọ igi, Ṣàngó fúnra rẹ̀ làwọn ń kí, igi kàn dúró fún un ni. Ṣé ẹ gbọ́? Ohun kan náà gan-an lẹ máa gbọ́ lẹ́nu Àgùdà. Sáàmù 115 ní wọ́n lẹ́nu wọn ò fọhùn, wọ́n lójú wọn ò ríran. Àwa tí wọ́n fà jáde látinú ère, kò yẹ ká tún gba ẹnu ọ̀nà mìíràn padà wọlé.

Màmá_Rósárì:
Ọmọ mi, mi ò ní bú ẹ, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó sọ Ẹ́kísódù 20 náà ló sọ Ẹ́kísódù 25, ó ní kí Mósè fi wúrà ṣe kérúbù méjì sórí àpótí ẹ̀rí. Nínú Númérì 21 ó ní kó rọ ejò idẹ, kí ẹni tí ejò bù jẹ wò ó kó yè. Tó bá jẹ́ gbogbo ère ló kórìíra, ṣé ó ń ta ko ara rẹ̀ ni? Ka ẹsẹ 5, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà: má tẹrí ba fún wọn, má sìn wọ́n. Ohun táwọn bíṣọ́ọ̀bù fẹnu kò lé nínú àpérò ìjọ ní ìlú Nicaea ní 787 nìyẹn, pé ìjọsìn jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan, ọ̀wọ̀ tá a bá sì fún àwòrán ń kọjá lọ bá ẹni tí wọ́n yà síbẹ̀. A kì í gbàdúrà sí pílásítà, a ń bẹ Màríà kó bá wa bẹ Ọmọ rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Aláké, ṣé ó ti sọ Kábíyèsí di Ọlọ́run? Nílẹ̀ tiwa, kíkúnlẹ̀ la fi ń kí ìyá wa láàárọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ni kankan má tún wá sọ pé Àgùdà yọ òfin kejì tó kọ ère kúrò nínú òfin mẹ́wàá. A kà á mọ́ ti àkọ́kọ́ ni, a wá pín ojúkòkòrò sí méjì kó lè pé mẹ́wàá. Àwọn ọmọlẹ́yìn Luther, ará Jámánì tó ya kúrò lára Àgùdà, náà ń kà á bẹ́ẹ̀.

Ajíhìnrere_ÒkèMosàn:
Màmá, Aláké wà láàyè, wọ́n ń rí mi bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀. Ta ló ń gbọ́ níbi ère yẹn?

Màmá_Rósárì:
Ẹni tó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run ò kú, ọmọ mi.

Bàbá_Ìjẹmọ̀:
Ọ̀rọ̀ yìí ti da ìjọ rú tipẹ́. Leo Kẹta, olú ọba Róòmù Ìlà-Oòrùn ní Constantinople, gbógun ti àwòrán láàárín 726 sí 730, àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní 754 ní kí wọ́n pa á rẹ́, ti 787 ní kí wọ́n dá a padà, ìjà tún bẹ̀rẹ̀, 843 ló tó rọlẹ̀. Johanu ará Damasku tó gbèjà àwòrán, abẹ́ ìjọba Mùsùlùmí ló ń gbé, ọwọ́ ọba ò tó o. Ó ní kí Ọlọ́run tó gbé ara ènìyàn wọ̀, kò sẹ́ni tó lè yà á, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti fojú rí i, ó ṣeé yà. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn láti ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò tíì rí èsì rẹ̀. Nígbà tó di 1524, Zwingli, oníwàásù tó ń tún ìjọ ṣe ní Switzerland, àti ìjọba Zurich kó ère jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ Luther ti bá àwọn tó ń fipá kó o ní Wittenberg wí ní 1522, ó ní ọkàn èèyàn ni kí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò.

Níbí, Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, dé Abẹ́òkúta ní 1843, lára ohun tó kó nílẹ̀ wa wà ní mùsíọ́mù Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dòní. Nígbà táwọn Crowther sì ń túmọ̀ Bíbélì, ère ni wọ́n pe ohun tí Mósè kọ̀, orúkọ tí agbẹ́gilére ń pe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ náà nìyẹn. Ìdí rèé tí Yorùbá bá ti gbọ́ ère, òrìṣà ló ń sọ sí i lọ́kàn.

Èmi ò ní ère nílé, mi ò sì fẹ́. Àwọn Ọba Kejì 18 ló ń bà mí lẹ́rù: ejò idẹ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n rọ, Hesekáyà ló fọ́ ọ túútúú, torí wọ́n ti ń sun tùràrí sí i. Ṣùgbọ́n ọba ló fọ́ ọ, nílẹ̀ tó ń jọba lé. Ère ìyá yín kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n yín. Ti odò Ògùn yẹn, ẹ máà dán an wò, ẹ mọ̀ pé Yemọja ni wọ́n ń bọ níbẹ̀. Ẹ gbé e fún àǹtí yín tàbí fún fáda. Àwọn Àgùdà náà ń jó èyí tó bá bàjẹ́ tàbí kí wọ́n sin ín, ṣùgbọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni.

Àbíkẹ́yìn_Aké:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ títí, mo tiẹ̀ rò pé iná fóònù ti tán. Wọ́n wá ní àwọn ò ní jó o mọ́, ṣùgbọ́n kò ní wọ ilé àwọn. Àǹtí ló ń gbé e lọ. Èmi tọrọ rósárì náà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á, mo kàn fẹ́ kó wà níbi tí mo ti ń gbàdúrà láago márùn-ún.

Ajíhìnrere_ÒkèMosàn:
Sista, ẹ ṣọ́ra o. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo máa fi yín sádùúrà.