Ẹ jọ̀wọ́, ta ló lè bá mi tọpa ìdílé Àbákẹ́ ará Selma?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ Matilda McCrear, ìyá tó gbé lẹ́bàá Selma ní Alabama títí tó fi kú ní 1940, kò jẹ́ kí n sùn. Àbákẹ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Ọmọ nǹkan bí ọdún méjì ni nígbà tí Clotilda, ọkọ̀ ojú omi tó kó ẹrú kẹ́yìn láti Áfíríkà wá sí Amẹ́ríkà, gbé e dé Mobile ní Alabama ní 1860, òun, ìyá rẹ̀ àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Wọ́n ta méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n náà síbòmíràn, kò sì fojú kàn wọ́n mọ́.

Ní 1931, arúgbó yìí fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 15 lọ sí kóòtù Selma láti béèrè owó gbà-má-bínú nítorí pé wọ́n kó o lẹ́rú. Wọn ò fún un ní kọ́bọ̀. Omi bọ́ lójú mi níbi tí mo ti kà á.

Ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilà, ẹ wo fọ́tò rẹ̀ dáadáa: ilà ìlú wo nìyẹn?

Èkejì: ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1870 ló kọ́kọ́ to orúkọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ṣùgbọ́n orúkọ olówó wọn ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́. Matilda náà yí Creagh, orúkọ olówó rẹ̀, padà sí McCrear. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjì tórúkọ wọn ò jọra?