Kí n ra kéèjì ni, àbí kí n kọ́lé fún adìẹ 20?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà ọlọ́sìn, ẹ kú iṣẹ́ o. Adìẹ ẹlẹ́yin 20 ni mo fẹ́ sìn lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn. Àyè tó wà níbẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó fẹ̀ ní 8. Ojú mi ti ń lọ sára kéèjì, àgò onírin tí wọ́n ń há adìẹ mọ́, kí wàhálà ìkọ́lé lè dínkù. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ẹlẹ́yin: Àbúrò mi, kéèjì kì í ṣe ilé o. Òrùlé gbọ́dọ̀ bò ó, torí adìẹ inú rẹ̀ ò ráyè sá fún oòrùn tàbí òjò. Tó o bá rà á, wàá ṣì kọ́lé. Jẹ́ kí 20 yẹn kúkú máa rìn nílẹ̀. Ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó fẹ̀ ní 5, gbà wọ́n. To búlọ́ọ̀kù ìlà 2 péré yí i ká, bíi 35, yàtọ̀ sí ti ìpìlẹ̀. Kí nẹ́ẹ̀tì gba òkè dé abẹ́ páànù. Kí gígùn ilé lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn má baà máa gba ojú nẹ́ẹ̀tì wọlé. Kí páànù yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ó kéré tán. Òjò tí atẹ́gùn bá fẹ́ wọlé ló ń ba èérún pákó tó o máa tẹ́ sílẹ̀ jẹ́, ibi tó bá sì tutù ni àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ti ń ràn.

Káfíńtà: Ẹ má fi wáyà adìẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ṣe é. Ejò àti ọmọ eku á gba ojú rẹ̀ kọjá, ẹtà á fà á ya. Nẹ́ẹ̀tì onírin tí wọ́n fi iná jó wáyà rẹ̀ pọ̀, tójú rẹ̀ ò ju ìdajì íǹṣì lọ, ni kẹ́ ẹ rà; ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ etí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kàn án, torí ìṣó nìkan á tú. Ìtẹ́ 4 tó fún wọn láti máa yé sí, íǹṣì 12 níbùú lóròó. Kí igi tí wọ́n máa wọ̀ sí lálẹ́ ga ju ìtẹ́ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú ìtẹ́ ni wọ́n á máa sùn, wọ́n á sì yàgbẹ́ sára ẹyin. Igi 2, ẹsẹ̀ bàtà 7 níkọ̀ọ̀kan, gbà wọ́n.

Bàbá Kéèjì: N ò fi gbogbo ẹnu gba ti Ìyá. Ilẹ̀ kéèjì dà síwájú, ẹyin á yí bọ́ síta ní mímọ́ kí adìẹ tó ṣá a jẹ. Ṣùgbọ́n adìẹ 3 ni kẹ́ ẹ fi sí yàrá kéèjì kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ íǹṣì 15 níbùú lóròó, ẹ má gbà fún ọlọ́jà tó bá ní 4. Ẹ yẹ ojú ibi tí wọ́n ti jó wáyà rẹ̀ pọ̀ wò dáadáa. Ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, wáyà tó bá sì já á máa gún wọn lẹ́sẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Màá kọ́lé. Màámi, báwo ni èérún pákó náà á ṣe nípọn tó?

Ìyá Ẹlẹ́yin: Íǹṣì 3. Máa tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bù ú sọ́wọ́, kó o fún un pọ̀: tó bá di ìṣù tí kò tú ká, ó ti tutù jù, kó apá ibẹ̀ dànù, kó o fi tuntun dípò. Ìdí abọ́ omi ni kó o kọ́kọ́ wò.