Ìlẹ̀kùn ọkàn Màmá ti há: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Arẹ̀mú Àjàṣẹ́
Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Màmá wa, ẹni ọdún 67, ṣe ẹko ọkàn (àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ fi ń ya fọ́tò ọkàn) lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé nìyí: « RA serré, Vmax 4,3 m/s, gradient moyen 46 mmHg, surface 0,8 cm², FEVG 60 % ». Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, wọ́n á máa mí gúlegúle. Oògùn wo ló ń la irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀? Ibo lẹ sì rò pé ká gbé wọn lọ?

Nọ́ọ̀sì Kétu
Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ túmọ̀ ìwé náà. « RA serré » ni rétrécissement aortique serré: ìlẹ̀kùn aorta ti há gan-an. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde nínú ọkàn bọ́ sínú òpó ńlá tó ń pín in ká ara ní ìlẹ̀kùn kan, ewé mẹ́ta ló ní (wọ́n bí àwọn mìíràn pẹ̀lú méjì, tiwọn sì máa ń tètè bàjẹ́). Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, kálísíọ́ọ̀mù á mú ewé náà gan paali, kò ní ṣí tán mọ́. Ó yẹ kí ihò rẹ̀ tó 3 sí 4 cm². Ẹ mú owó ẹyọ 5 F lọ́wọ́, bó ṣe fẹ̀ ló yẹ kó fẹ̀. Ti Màmá ku 0,8, ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tú jáde ní 4,3 m/s, bí ìgbà téèyàn fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi.

Eré ẹ̀jẹ̀ (Vmax) láti 4 m/s sókè, gradient (ìyàtọ̀ agbára ẹ̀jẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn ìlẹ̀kùn) láti 40 mmHg sókè, ihò (surface) láti 1 cm² sílẹ̀, « serré » ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé sára wọn. FEVG 60 (ìdá ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá ta) ni ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀: iṣan ọkàn ṣì ń ta kébékébé.

Onífótò Ọkàn
Àbúrò, kò sí oògùn tó ń là á. Kò sí àgbo náà. Oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, wọ́n ti dán an wò dáadáa, kò dá gígan ewé náà dúró. Lasilix á fa omi kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, èémí á rọlẹ̀, ìlẹ̀kùn á sì wà bó ṣe wà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣìnà: ara tu aláìsàn, wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Bí èémí bá ti ń há lórí àtẹ̀gùn, tàbí àyà ń dun èèyàn níbi iṣẹ́, tàbí òòyì kọ́ ọ tó ṣubú, tí wọn kò pààrọ̀ ìlẹ̀kùn náà, ọ̀pọ̀ kì í lò ju ọdún 2 sí 3 lọ.

Bí àyà bá dùn wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má fi trinitrine (oògùn àyà dídùn) sábẹ́ ahọ́n wọn láìsí àṣẹ dókítà ọkàn. Á tú òpó ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ọkàn kò sì lè ti ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ sí i gba ihò tóóró yẹn, tánsíọ̀n á já wálẹ̀ lójijì.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ jọ̀wọ́, mo ní tèmi. Ìwé kan wà lọ́wọ́ wa níbí: 0,8 cm², ṣùgbọ́n gradient 24 péré, FEVG 30. Wọ́n ní « modéré » ni. Èwo la ó gbà gbọ́?

Onífótò Ọkàn
Ẹ má tíì gba « modéré » yẹn. Ọkàn tó ti rẹ̀ kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ mọ́, nítorí náà gradient á kéré, bẹ́ẹ̀ ihò náà lè há gan-an. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ẹko pẹ̀lú dobutamine (oògùn tó ń mú ọkàn ta líle), tàbí scanner tó ń ka kálísíọ́ọ̀mù: 1200 sókè fún obìnrin, 2000 sókè fún ọkùnrin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ serré.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ ní kí wọ́n tún òṣùwọ̀n wò. Ìbú tí wọ́n wọ̀n lábẹ́ ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ nínú ìṣirò. Bí wọ́n bá kọ 18 mm dípò 20, ìdá kan nínú márùn-ún surface ti lọ: ohun tó yẹ kó jẹ́ 1 á di 0,8. Ti eré ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ojú ibi kan ṣoṣo kò tó. Kí wọ́n wò ó láti apá ọ̀tún àyà náà, torí bí ẹ̀rọ bá wo ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà tó máa mú wá á kéré ju òótọ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì Kétu
Arẹ̀mú, láti Àjàṣẹ́, ẹ̀ka ọkàn CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Kùtọnu, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ kan òkèèrè, Institut de Cardiologie ní Abidjan wà nítòsí ju Faransé lọ. Ẹ gba fídíò ẹko náà sórí CD, ìwé nìkan kò tó fún oníṣẹ́ abẹ. Wọ́n á tún ní kẹ́ ẹ ṣe coronarographie (fọ́tò àwọn òpó tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀), kí wọ́n lè tún èyí tó bá dí ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má bàa la àyà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 67, ìlẹ̀kùn tí wọ́n fi ara ẹran ṣe ni wọ́n sábà máa ń yàn. Ó máa ń lo nǹkan bí ọdún 10 sí 15, kò sì sábà mú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dání títí ayé. Ti irin ń pẹ́, ṣùgbọ́n Sintrom, irú oògùn yẹn, ni títí ayé. Ọ̀nà kẹta wà tí kò la àyà, wọ́n á ti òpó ẹ̀jẹ̀ inú ìtan gbé ìlẹ̀kùn tuntun wọlé. Alain Cribier, dókítà ọkàn ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe é, ní Rouen, lọ́dún 2002. Owó rẹ̀ kò kéré o.

Apòògùn Àjàṣẹ́
Bó bá jẹ́ ti irin, INR (àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì) 2 sí 3 ni kẹ́ ẹ máa lé. Kò sẹ́ni tó ní kí Màmá má jẹ gbọ́mọ̀ tàbí tẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ìwọ̀n kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọjọ́ méje jẹ ẹ̀fọ́ láìdá, INR á wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì sára ìlẹ̀kùn. Ibuprofen (oògùn ara ríro), rárá. Abẹ́rẹ́ ìdí, rárá: ẹ̀jẹ̀ lè máa dà.

Ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí dókítà eyín wò wọ́n, kó yọ èyí tó ti jẹrà. Lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín, amoxicilline giramu 2 ní wákàtí kan ṣáájú, kí kòkòrò ẹnu má bàa dé ìlẹ̀kùn náà, bí ara wọn kò bá kọ penicilline.

Arẹ̀mú Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. CD náà kò sí lọ́wọ́ wa, ìwé nìkan ni wọ́n fún wa. Màá padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Nọ́ọ̀sì Kétu
Ẹ tètè lọ. Àwọn kan máa ń pa fídíò rẹ́ nínú ẹ̀rọ bó bá ti kún.